Bí A Ṣe Ń Mú Ìdílé Lọ Wo Ìlú Kékeré Amẹ́ríkà: Láti Houston dé Lockhart

Bí àwọn ará ilé bá ti Nàìjíríà wá kí wa ní Houston, ibi kan náà la máa ń mú wọn káàkiri: ilé ìtajà ńlá, etí òkun Galveston, ilé ẹ̀gbọ́n, ilé àbúrò, òde àríyá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n á padà sílé, wọ́n á ní àwọn ti rí Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà tó kù kò sì jìnnà. Bí ẹ bá wa mọ́tò fún nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó dé ìlú tí ilé ẹjọ́ dúró sí àárín gbùngbùn, tí ṣọ́ọ̀bù yí i ká, tí ẹni tó ń tajà mọ bàbá ẹni tó ń rà á. Ó máa ń dùn mí bí ẹbí kan bá ná owó àti àkókò lọ síbẹ̀, tí wọ́n wá padà dé tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nǹkan wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lọ ni kò dára.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìlú. Ìpínlẹ̀ Texas pín sí county 254, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní olú ìlú tirẹ̀, níbi tí ilé ẹjọ́ wà. Ọ̀nà àbùjá tèmi nìyí: ẹ wá olú ìlú county tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 20,000, tí ilé ẹjọ́ àtijọ́ rẹ̀ ṣì dúró, tí òpópónà ńlá bíi I-10 kò sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó má wulẹ̀ wá kiri. Kó lọ sí Lockhart, olú ìlú Caldwell County. Ìkànìyàn ọdún 2020 ka bíi 14,000 èèyàn níbẹ̀. Ọdún 1894 ni wọ́n kọ́ ilé ẹjọ́ wọn, tòun ti ilé gogoro aago lórí rẹ̀. Tí ẹ bá rìn díẹ̀ sí i, ẹ ó rí ilé ìkàwé Dr. Eugene Clark, tó ti ń yá èèyàn ní ìwé láti nǹkan bí ọdún 1900. Ẹ mú àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó tutù, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á sì sọ ohun tó ń lọ nínú ìlú lọ́sẹ̀ náà fún yín ju bí fóònù ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ìlú kan ṣoṣo ni kí ẹ sùn. Àwọn tó ní àwọn fẹ́ fi ọjọ́ méjì dé Lockhart, Gonzales, San Marcos àti Fredericksburg, ilé epo ni wọ́n máa ń rí jù.

Ọjọ́ ni kókó

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba ìrìn àjò yìí jẹ́ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìlú kékeré kì í ṣí bí Houston ṣe ń ṣí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó yí ilé ẹjọ́ ká kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé, àwọn mìíràn kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pàápàá. Lọ́jọ́ Àìkú, bí èèyàn bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹun tán, ilé ló ń lọ. Bó bá sì di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan lẹ lè wọlé síbẹ̀. Ẹbí tó bá gbéra ní Houston lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, tó sùn síbẹ̀, tó ní òun á rìn káàkiri lọ́jọ́ Ajé, gíláàsì ṣọ́ọ̀bù nìkan ló máa fojú kàn. Àwọn ọmọ á sunkún, bàbá á bínú, wọ́n á sì fi ìlú bú.

Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ dé. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ìrìn yín, ẹ ó wá fi òwúrọ̀ Àìkú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó máa bọ̀ nílé. Mo mọ̀ pé gbígba àyè lẹ́nu iṣẹ́ fún Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì kò rọrùn, àwọn ọmọ náà sì ní ilé ìwé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sún ìrìn náà síwájú. Ẹ má gé ọjọ́ Ẹtì kúrò láé.

Ìdí ọjọ́ Ẹtì ni bọ́ọ̀lù. Láti ìparí oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kọkànlá, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ọmọ ilé ìwé girama (high school) máa ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Texas. Gbogbo ìlú ló ń lọ síbẹ̀: àwọn onílù àti afunfèrè ilé ìwé, màmá àgbà tó gbé tìmùtìmù ìjókòó tirẹ̀ wá, àwọn tó ti jáde ilé ìwé náà kí wọ́n tó bí olùkọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí. Kò sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó lè fi ìlú náà hàn yín tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan tún wà níbí tí mo ti rí lọ́wọ́ ẹni tó pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń gbá a nílé. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá lọ gbá a ní ìlú mìíràn, ìdajì ìlú ti bá wọn lọ, ẹ ó sì bá títì tó dá páropáro. Ẹ wá ìwé ètò ìdíje àwọn Lockhart Lions jáde, kí ẹ wo èyí tí wọ́n kọ “home” sí, kí ẹ tó san owó ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ wò ó bóyá orí fóònù ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì rà á nígbà tí ẹ wà nílé.

Bí ìgbà bọ́ọ̀lù kò bá bọ́ sí i fún yín, oṣù Kẹfà ló tẹ̀ lé e. Ní ìparí oṣù náà, Luling, tó jẹ́ máìlì 15 sí Lockhart, ń ṣe ọdún bàrà olómi wọn, Watermelon Thump. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti ń ṣe é, títí kan ìdíje ẹni tó lè tu kóró bàrà jìnnà jù. Yàrá ń tán kíákíá lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ gba tiyín ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Oòrùn á mú gidi, ẹ má mú àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru dúró sí gbangba ní ọ̀sán. Ìparí oṣù Kẹta sí àárín oṣù Kẹrin dára fún òdòdó bluebonnet tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò àwọn ọmọ nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ ibẹ̀ wò, èèrà ibẹ̀ ń ta bí iná.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kò tíì tán. Wákàtí ìṣílẹ̀kùn tí Google kọ fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, ẹ má gbára lé e. Ẹni kan ṣoṣo ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá ń ṣe ayẹyẹ, á tilẹ̀kùn á lọ. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago lọ́jọ́ kan ṣáájú. Èmi kì í lọ síbi tí n kò bá tíì gbọ́ ohùn ẹni tó ni ín.

Ọ̀nà, ibùsùn, oúnjẹ

Ẹ gba I-10 dé Schulenburg, kí ẹ sì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní àwọn abúlé tó yí i ká, Dubina, High Hill, Ammannsville àti Praha, ni ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn aṣíkiri láti Jámánì àti ilẹ̀ Czech kọ́ wà. Láti ìta, wọ́n rí wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú ni wọ́n kun lọ́dà láti ilẹ̀ dé àjà, títí kan òpó igi tí wọ́n kùn bíi mábù. Ti High Hill ni kí ẹ wò bó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni àyè wà fún. Láti Schulenburg, ẹ má padà sórí I-10. Ọ̀nà US-90 gba Flatonia àti Waelder kọjá dé Luling, ibẹ̀ lẹ ó ti yà sí US-183 tó lọ sí Lockhart.

Fóònù lè má gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì láwọn ojú ọ̀nà kan. Ẹ gbé màápù sórí fóònù nílé, tàbí kí ẹ mú màápù bébà tí ìjọba Texas ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi fẹ́ràn ti bébà, àwọn ọmọ ni mo máa ń ní kó kà á fún mi. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ìlú, iye eré tí òfin gbà á já wálẹ̀ lójijì, ọlọ́pàá sì lè wà níbẹ̀. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé ibi pátákó tó sọ iye eré náà. Bí wọ́n bá dá yín dúró, ọwọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú mọ́tò ni kó hàn. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 8, àfi tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íńṣì 9 lọ, orí àga ọmọdé ló gbọ́dọ̀ jókòó, ẹ má ṣe gbé e lé ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Bí ẹ bá sì rí ọ̀dà àwọ̀ àlùkò lára igi tàbí òpó ọgbà, ìkìlọ̀ ni: òfin Texas kà á sí pé onílẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Kò sí fọ́tò tó tó ìyẹn rékọjá.

Ibùsùn: ẹ gba ilé tàbí yàrá tí ẹ lè ti ibẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé ilé ẹjọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ títì lè dín owó kù, ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni ẹ ó ti máa wo ìlú.

Ẹran yíyan ni Lockhart fi lókìkí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Texas ló fún un lóyè olú ìlú ẹran yíyan. Kreuz Market ti wà láti ọdún 1900, Black's láti 1932, Smitty's sì wà nínú ilé tí Kreuz lò tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń ta á, orí bébà ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹ débẹ̀ kí aago méjìlá tó lù, nítorí ẹran àyà màlúù lè tán. Pọ́n-ùn kan fún àgbà méjì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ata wọn kò ní ta yín lẹ́nu, ẹ mú ata gígún dání nínú ìgò kékeré, èmi kì í jáde láìmú tèmi. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ béèrè dáadáa: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú sọ́sééjì, ọ̀bẹ kan náà sì ni wọ́n lè fi gé gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé kúlà tí ìrẹsì àti ẹja díndín wà nínú rẹ̀ lọ. Kúlà olówó ńlá kò pọn dandan, èyí tó jẹ́ fóòmù funfun tó fún ọjọ́ méjì bí ẹ bá ń pààrọ̀ yìnyín.

Bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀

Ẹ máa kí èèyàn. Ará ìlú kékeré Texas ń kí ẹni tí kò mọ̀ rí, wọ́n tilẹ̀ ń gbé ìka sókè lórí ìdarí mọ́tò kí ẹni tó ń bọ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín kí wọ́n máa pe àgbà ní “sir” àti “ma'am”, ọmọ Yorùbá kò ní rí ìyẹn bí àjèjì. Bí ẹ bá ti kí bàbá àgbàlagbà tó jókòó sí gbàgede ilé ẹjọ́, ẹ bi í bí ìlú ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọdé, kí ẹ sì jókòó. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú, ẹ má dá a sílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín rò pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló ni irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1865 ni ọ̀gá ọmọ ogun kéde ní Galveston pé àwọn ẹrú Texas ti di òmìnira. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìletò tiwọn dó káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn ni St. John Colony, ní Caldwell County yìí kan náà, wọ́n sì ń ṣe ọdún Juneteenth, tó jẹ́ ìrántí ọjọ́ òmìnira yẹn, níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ wọ aṣọ òkè tàbí àǹkárá yín, kí ẹ lọ jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní àdúgbò náà. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti béèrè aago ìsìn, kí ẹ dé ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, kí ẹ sì mú ọrẹ dání. Wọ́n á ní kí ẹ dìde sọ ibi tí ẹ ti wá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó dàgbà jù láàárín yín sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ Yorùbá ló fẹ́ sọ, kí ọmọ kan sì máa túmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró jẹun, ẹ dúró.

Kí aago mẹ́ta tó lù, ẹ ti wà lójú ọ̀nà, torí mọ́tò máa ń pọ̀ lórí I-10 láti Katy wọ Houston nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Luling ni kí ẹ ti rọ epo.