Bí mo ṣe tọ́jú ahun tí wọ́n ní kí n lọ tú sígbó

Ní Kábà, wọ́n gbé ahun kan tó ti wà nínú okùn láti ọdún mẹ́ta fún mi, wọ́n ní kí n lọ tú u sílẹ̀ sínú igbó lọ́nà Ìyàrá. Mi ò tú u. Ohun tí mo ṣe rèé.

Irú ahun tó jẹ́ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ahun ìgbẹ́ tiwa, bó bá ti dàgbà, ní oríkèé kan tó gba ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ kọjá. Apá ìdí á máa wálẹ̀ bí ìlẹ̀kùn láti bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Èyí kò ní in. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí iyanrìn gbígbẹ, ìwo kéékèèké sì yọ lára itan ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì. Ahun etí aṣálẹ̀ nìyẹn, láti Senegal dé Ethiopia. Ọkọ̀ ló gbé e dé ilẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní agbègbè Kábà. Ó lè tóbi ju kìlógíráàmù 50 lọ, ọ̀rinrin òjò tiwa sì lè fún un ní àìsàn àyà.

Bó tilẹ̀ jẹ́ tiwa ni, mi ò ní kàn tú u. Ahun ilé lè ní àrùn imú láìṣe bí aláìsàn, kó sì kó o ran àwọn tó wà nígbó. Kò mọ ibi tí omi wà, kò mọ ihò tó lè sá sí. Tí ọyẹ́ bá dé tí wọ́n ń sun ìgbẹ́, inú koríko ni iná máa bá a. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta, tí kò bá ahun mìíràn gbé, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí imú rẹ̀ kò ṣomi, òun nìkan ni mo lè dá padà, sí ibi tí wọ́n ti mú un gan-an, lásìkò òjò.

Ihò okùn ló dùn mí jù. Wọ́n fi ìṣó gbígbóná lu etí ìkarahun nítòsí ìrù, ihò náà fẹ̀ tó gègé báírò. Ìkarahun kì í ṣe èékánná lásán: egungun ni, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, ó sì ń dun ahun. Mo gé okùn, mo fi ahun sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó dé àgbọ̀n rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ìwẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú oògùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á fọ oògùn dànù. Ọyún inú ihò kò ṣàn, ó le bí wàrà tó dì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín rírọ̀ yọ ọ́, mo fi áyódíìnì tí mo bù omi mẹ́wàá lé ìwọ̀n kan nù ún, mo sì fi aṣọ ojú ọgbẹ́ bò ó nítorí eṣinṣin. Lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọṣẹ ni kí ẹ fi fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọgbà rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rin sí mẹ́ta. Mo ri búlọ́ọ̀kù ìlà kan mọ́lẹ̀ kí n tó to méjì lé e, torí ó ń gbẹ́lẹ̀. Wáyà kò dára: ó ń rí ìta, á sì máa forí sọ ọ́ títí imú á fi bó. Páànù orí ahéré gbóná, nítorí náà mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó.

Koríko ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú ewé ọ̀dùnkún díẹ̀. Gbúre kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí wọ́n ń fún un tẹ́lẹ̀ ń ba ìfun tó wà fún koríko jẹ́. Mo ń lọ èèpo ẹyin tí mo ti sè, mo ń bu ìdajì ṣíbí tíì sórí koríko lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo ń wọ̀n ọ́n kó tó jẹun. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá já wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì léra, dókítà ẹranko ni mo ń gbé e lọ bá.