Bí ẹ ṣe lè kọ ìtàn iṣẹ́ àgbà òṣèré láì fi irọ́ kún un

Ìtàn àgbà òṣèré tó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bákan náà ni gbogbo wọn rí: wọ́n bí i ní ìlú lágbájá, ó ka ìwé mẹ́fà, ó ti ṣe fíìmù tó lé ní igba. Ta ló bá wọn ka igba náà? Eléré tí gbogbo ayé mọ ojú rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ, ẹni tí wọ́n máa ń pè wá ṣe ìjòyè, babaláwo, bàbá ìyàwó tàbí ọ̀dàlẹ̀ ààfin, àwọn ipa tó kó gan-an ni ìtàn rẹ̀. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Ọjọ́ ìbí lè dúró.

Kí ẹ tó lè tò wọ́n, orúkọ lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ mẹ́rin sílẹ̀: èyí tí òbí sọ ọ́, èyí tó ń lò lórí ìtàgé, ìnagijẹ, àti orúkọ ẹ̀dá ìtàn tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá ń wá Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ nìkan kò ní rí ìdajì ohun tí Bàbá Sàlá ṣe. Charles Olúmọ ni Àgbákò, Alhaji Kareem Adépọ̀jù ni Bàbá Wándé. Ẹ tún wá a láìsí àmì, kí ẹ sì fi S àti SH rọ́pò Ṣ, torí bó ṣe wu ẹni tó tẹ orúkọ sójú fíìmù ló ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ la ìwé sí ọ̀nà mẹ́fà: ọdún, àkọlé, ibi tí eré ti wáyé (ìtàgé, rédíò, tẹlifíṣàn, fíìmù, fídíò), orúkọ ẹ̀dá ìtàn, ìran mélòó ló ti fara hàn, àti ibi tí ẹ ti rí ẹ̀rí. Ìlà tí kò bá ní ẹ̀rí, ẹ fi bírò pupa kọ ọ́, kó má sì wọ inú ìtàn títí ẹ ó fi rí i. Fíìmù tó ní apá mẹ́ta, ìlà kan ni. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993, tí Bàbá Wándé ti ṣe Olóyè Aṣíyanbí, apá mẹ́ta ni, àmọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Ibẹ̀ ni “igba” ti máa ń wá.

Ìtàgé ni wọ́n máa ń fò jù, bẹ́ẹ̀ inú ẹgbẹ́ alárìnjó ni ọ̀pọ̀ àgbà wọ̀nyí ti jáde. Lérè Pàímọ́ ti ń ṣe Gbọ́nkáà nínú Ọba Kò So ti Dúró Ládípọ̀, eré tó bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1963. Ẹni tó bá ka fíìmù nìkan ti gé ọdún tó lé ní mẹ́wàá kúrò lára iṣẹ́ bàbá náà. Torí náà, ẹ wádìí ọ̀gá tó kọ́ òṣèré yín níṣẹ́, kí ẹ sì to àwọn eré ẹgbẹ́ ọ̀gá náà kalẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun ṣe “fíìmù Yorùbá” ní 1968, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: 1976 ni Àjàní Ògún, fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́, jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tẹlifíṣàn ló ní lọ́kàn, torí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ti wà n'Ìbàdàn láti 1959.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò nílò sùúrù. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ wo tépù lójú ìmọ́lẹ̀. Tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bá wà létí rẹ̀, ó ti bu nìyẹn. Ẹ má tì í bọ ẹ̀rọ, torí á ba orí ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ á sì kó o ran èyí tó bá tẹ̀ lé e. Èyí tó mọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ike pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e, kí ẹ yí i dé òpin, kí ẹ yí i padà, kí ẹ tó wò ó. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bá ń kọjá, ẹ dá a dúró, kí ẹ fi fóònù ya ojú tẹlifíṣàn ní ẹyọ ẹyọ. Ọdún tó wà lára páálí kì í ṣe ẹ̀rí: àwọn alátẹ̀tà máa ń yí páálí padà bí wọ́n bá tún un tẹ̀.

Láti sọ bí òṣèré náà ṣe ń ṣeré, ẹ mú ìran kan, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ pa ohùn lẹ́ẹ̀kíní, kí ẹ lè rí ọwọ́, ojú, bó ṣe ń ká apá agbádá. Ẹ dijú lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ gbọ́ ibi tó ti mí, ibi tó ti fa ọ̀rọ̀. Ẹ wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ fi Adébáyọ̀ Fálétí dánra wò nínú Ṣaworoidẹ ti 1999: Ọ̀pálábá tó ṣe níbẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ tààrà, òwe ló fi ń gún èèyàn. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí. “Ó mọ eré ṣe” kò sọ nǹkan kan.

Tí àgbà náà bá wà láyé, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kó má sì ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìgbohùn sílẹ̀ sábẹ́ fáànù; ẹ gbé e sórí aṣọ tí ẹ ká lé tábìlì, kó súnmọ́ bàbá ju ẹ̀yin lọ, kí fóònù kejì náà máa gba ohùn. Ìbéèrè “Ọdún wo ni, sà?” kì í bí nǹkan kan. Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ tàbí ojú ewé Atọ́ka, ìwé ìròyìn àtijọ́ tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré, lọ́wọ́, kí ẹ béèrè ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tí gbogbo ìlú rántí ni ẹ ó fi díwọ̀n ọdún: ṣé mọ́tò ti ń gba apá ọ̀tún nígbà yẹn (1972)? Ṣé náírà ti dé (1973)? FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ńkọ́ (1977)?

Ọ̀rọ̀ ìyàwó àti àìsàn, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó sì burú kí àìsàn jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ ìtàn ẹni tó fi àádọ́ta ọdún ṣiṣẹ́. “Olóògbé” pàápàá, ẹ má kọ ọ́ títí ẹbí fi sọ̀rọ̀, ìbáà ti gba gbogbo WhatsApp kan.

Tí ẹ bá parí, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ gbé e padà lọ, kí ẹ sì kà á sókè sí bàbá létí. Ibi tí wọ́n bá ti ní “Rárá o,” ẹ fàlà sí i níbẹ̀.