Ojú mi rí màbo kí n tó dá àsùnwọ̀n òyìnbó mọ̀ yàtọ̀ sí tìbílẹ̀

Ọṣẹ dúdú ni mò ń ṣe tà níbí ní Ìpẹru, ewé àsùnwọ̀n òyìnbó ni mo sì ń gún mọ́ èyí tí àwọn tó ní làpálàpá ń rà. N8,000 ni mo kó sílẹ̀ fún ewé lọ́jà, mo délé, mo tú u, oríṣi méjì ni wọ́n dì pọ̀ fún mi! Mo padà lọ bá màmá ẹlẹ́wé ọmọ tó tà á, wọ́n ní "Ṣebí àsùnwọ̀n náà ni gbogbo ẹ̀." Àsùnwọ̀n ni lóòótọ́, méjèèjì ló ń ṣí inú, ṣùgbọ́n òyìnbó lèmi sanwó fún, òun ni wọ́n mọ̀ mọ́ làpálàpá, mi ò sì lè ta ohun tí kò dá mi lójú fún oníbàárà. Owó ò padà. Ó dùn mí wọra.

Ni mo bá ní màá máa já a fúnra mi. Rírí i ò le, ibi tó bá ti lómi, etí odò, etí gọ́tà, ẹ máa bá a níbẹ̀. Òdòdó ni wàhálà. Àwọn méjèèjì ló ń yọ òdòdó yẹ́lò tó nàró ṣánṣán bí àbẹ́là, ẹ wò ó títí, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. Mo ya fọ́tò ẹ̀ sínú áàpù tó ń dá ewé mọ̀, igi etí odò, igi etí títì, Senna alata, ìyẹn orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe àsùnwọ̀n òyìnbó, ló ń pe gbogbo ẹ̀, àṣé irọ́ ló ń pa nípa òmíràn nínú wọn. Mo gbé ìwé àtijọ́ kan, òun tún ń pè é ní Cassia alata, ó pẹ́ kó tó yé mi pé igi kan náà ni wọ́n ń sọ. Dátà ń lọ, ẹ̀fọn ń jẹ mí, oníbàárà ń pè pé ọṣẹ dà.

Bàbá onílé wa tí wọ́n ti ń dáko tipẹ́ ló ní "Fi òdòdó sílẹ̀, èso ni kó o wò." Èso wo, nígbà tí kò tíì so? Ìdúró yẹn ló bí mi nínú jù. Ẹnì kan ò sì sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ ni òdòdó ẹ̀ ti ń là lọ sókè, tí ìsàlẹ̀ á ti máa so èso nígbà tí orí ẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ẹ má wo orí ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìdí.

Ìgbà tí èso tòyìnbó bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo fò sókè! Igun mẹ́rin ló ní, ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára igun kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tọ ọ́ lọ, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Tó bá gbẹ, á dúdú, kóró inú ẹ̀ á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Tìbílẹ̀ rí pẹlẹbẹ, kò níyẹ̀ẹ́ kankan. Ojú mi wá là sí ewé náà: tòyìnbó to ewé wẹ́wẹ́ rẹrẹ sórí ọ̀pá kan, orí wọn rí roboto, tìbílẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Igi tí mo bá ti rí èso ẹ̀, mo máa ń so àkísà pupa mọ́ ọn, kí n lè máa já ewé ẹ̀ nígbà tí kò bá léso. Tó bá jẹ́ ọjà lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n fi èso sí i fún yín, ẹni tó bá ní kò sí, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì.