Bí mo ṣe yìnbọn lu ṣúgà

Ṣúgà tí a ń bù sínú tíì ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ohun abúgbàmù. Hóró ṣúgà máa ń fọ́, ó sì máa ń wó lu ara rẹ̀ bíi hóró àwọn ohun abúgbàmù kan, ṣùgbọ́n òun kì í bú mọ́ni lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí fi ń lò ó dípò wọn.

Bowden àti Yoffe, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Cambridge, ti ṣàlàyé tipẹ́ pé bí nǹkan bá gbá ohun abúgbàmù, gbogbo ara rẹ̀ kọ́ ló ń gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ibi kéékèèké ni ooru máa ń kó jọ sí, pàápàá níbi tí ihò bá ti wó pa. Ṣúgà tí a rọ́ sínú ike kún fún irú ihò bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí shock wave, ìyẹn ìgbì alágbára tí gbígbá náà ń rán sínú nǹkan, ṣe ń la àárín rẹ̀ kọjá.

Ìbọn wa kò ní ẹ̀tù. Gáàsì hílíọ̀mù tí a fún mọ́ inú àgbá ló ń ti ọta jáde, àwo pẹlẹbẹ tí a fi Perspex (ike líle tó mọ́ bíi gíláàsì) ṣe ló sì wà ní orí ọta náà. A ti kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá ìbọn jáde. Bí a bá fi í sílẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ gbá ohun tí à ń yìnbọn sí. (Màmá mi gbọ́ “ìbọn” lórí fóònù, ọ̀rọ̀ di àdúrà.)

Àwọn èèyàn rò pé yíyìnbọn gan-an niṣẹ́. Rárá o. Ìmúrasílẹ̀ niṣẹ́. Mo yan ṣúgà nínú ófùn kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ, torí èyí tó bá ní omi lára á dì pọ̀. Mo fi ajọ̀ jọ̀ ọ́ kí hóró rẹ̀ lè ṣe déédéé, mo sì rọ ọ́ sáàárín àwo Perspex méjì, ó nípọn tó mílímítà 5. Mo wọn ìwúwo rẹ̀: ó lé díẹ̀ ní ìdajì ti ṣúgà tí kò ní ihò rárá, èyí tó jẹ́ gíráàmù 1.59 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan.

Títọ́ ojú àwo náà kí ó lè dọ́gba pẹ̀lú ojú ọta ló wá gba sùúrù. Ká ní àwo tó fẹ̀ tó mílímítà 50 fi ìdá kan nínú ogún mílímítà péré tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọta bá ń sáré mítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀gbẹ́ kan á ti kàn án kí èkejì tó dé ní nánósẹ́kọ́ńdì 100. Ìwọ̀n tí mò ń wá á ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo tan lésà gba inú ọ̀pá ìbọn, mo gbé dígí lé ojú àwo náà, mo wá ń yí skúrù mẹ́ta díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ tó padà fi bọ́ sórí ojú ibi tó ti jáde. Ẹni tó bá ń kánjú kò lè ṣe é.

Lésà mìíràn ló ń wo bí àwọn àwo náà ṣe ń sáré, èyí tí ojú kò lè rí, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1550. PDV (photonic Doppler velocimetry) ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí, ìyẹn fífi ìmọ́lẹ̀ wọn ìyára. Strand àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Lawrence Livermore l'Amẹ́ríkà ló mú un gbilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára ohun tó ń sáré kò bá èyí tó lọ dọ́gba mọ́. Tí a bá pò wọ́n pọ̀, wọ́n á máa lù bí ìlù méjì tí kò bára mu. Ní mítà 500 yẹn, lílù náà tó mílíọ̀nù 645 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Perspex lu Perspex la kọ́kọ́ yìn, torí a ti mọ èsì rẹ̀: ìgbì á sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ṣúgà. Ariwo kan ṣoṣo, ó ti tán.

Lórí kọ̀ǹpútà, ìlà tó ń fi ìyára hàn dìde gbọnrangandan fún Perspex. Ti ṣúgà rọra gòkè ni, ìyára ìgbì rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́, torí wíwó àwọn ihò yẹn ti jẹ lára agbára rẹ̀. Nígbà tí mo lo ṣúgà tí hóró rẹ̀ kéré sí i, ìlà náà tètè gòkè. Ohun tí mo wá sọ fún ọ̀gá mi ni pé bí hóró ṣe tóbi tó ló ń sọ bí ojú ìgbì náà ṣe máa nípọn tó. Ó ní kí n lọ jọ̀ èyí tó tún kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ.