Kí ẹ tó ra matcha olówó gọbọi, ẹ ka ẹ̀yìn agolo

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "ceremonial grade" (ìyẹn "ti ayẹyẹ") tí wọ́n ń kọ sára agolo matcha, ewé tíì tútù tí wọ́n gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun, gba owó lọ́wọ́ yín. Kò sí òfin kankan ní Jàpáànì tó sọ irú tíì tó lè jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹni tó ń tà á ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti gbìn ín ni kí ẹ wò: Uji ní Kyoto, Nishio ní Aichi, Yame ní Fukuoka, tàbí Kagoshima. Agolo tó kàn sọ pé Jàpáànì ló ti wá kò tíì sọ nǹkan kan. Uji pàápàá gba àlàyé o: àwọn oníṣòwò tíì Kyoto gbà kí ewé láti Nara, Shiga àti Mie wà nínú rẹ̀, tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Kyoto.

Ẹ tún wo bóyá ìkórè àkọ́kọ́ ọdún ni. Ewé ìgbà yẹn máa ń rọ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ korò.

Àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn máa ń sọ èyí tó wà fún koicha, tí wọ́n ń pò kí ó ki, àti èyí tó wà fún usucha, tó ṣàn. Ti koicha ló wọ́n jù. Bí ẹ bá fẹ́ da mílíìkì sí i, ẹ má ra ti koicha rárá. Mílíìkì yóò bo adùn tí ẹ sanwó fún mọ́lẹ̀.

Àmì JAS, ìyẹn àmì ìjọba Jàpáànì, ti ọ̀gbìn tí kò lo kẹ́míkà àtọwọ́dá kò sọ nǹkan kan nípa adùn. Tí ẹ bá sì rí ṣúgà lára èròjà, ẹ dá a padà.