Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ìtàkùn tí wọ́n ń pè ní honeysuckle ní Ìkòròdú

Ìtàkùn olóòórùn dídùn kan ń gun géètì àti fẹ́ńsì káàkiri Ìkòròdú, láti Ìgbógbó dé Èbúté. Bí òdòdó rẹ̀ bá là nírọ̀lẹ́, funfun ni. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, á ti di píńkì. Lẹ́yìn náà á pọ́n wẹ̀ẹ̀. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà lè pè é ní honeysuckle fún yín. Ẹ má fi orúkọ yẹn rà á. Rangoon creeper ni, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Combretum indicum, mọ̀lẹ́bí igi fúrúùtù tí àwọn ọmọdé ń ṣa èso rẹ̀ jẹ.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé a máa ń fi àwọ̀ àti òórùn nìkan dá igi mọ̀. Honeysuckle tòótọ́, ìyẹn àwọn tí sáyẹ́ǹsì ń pè ní Lonicera, tí irú wọn tó nǹkan bíi 180, náà lè ta sánsán. Òdòdó Lonicera japonica, tí ilẹ̀ Japan àti Ṣáínà jẹ́ ilé rẹ̀, máa ń kúrò ní funfun bọ́ sí ìyeyè. Nítorí náà, àwọ̀ tó ń yí padà kò jẹ́rìí ohunkóhun. Ẹnu òdòdó ni kí ẹ wò. Ti Lonicera japonica là sí ètè méjì: ti òkè ní ìka mẹ́rin, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tó ká sẹ́yìn. Ti Rangoon creeper ní ewé òdòdó márùn-ún tó dọ́gba, tó tẹ́ bí ìràwọ̀.

Bí ẹ bá ń ka àwọn okùn wẹ́wẹ́ tó gbé lẹ́búlẹ́bú, ẹ má dúró lẹ́nu òdòdó. 5 ni ti Lonicera. 10 ni ti Rangoon creeper, ṣùgbọ́n 5 ló hàn síta, ìyókù fara pamọ́ sínú ọ̀fun òdòdó. Ẹni tí kò bá fi abẹ là á yóò ka 5, á sì búra pé honeysuckle ló rí.

Ewé náà ń tan ènìyàn. Òótọ́ ni pé ewé Lonicera máa ń wà ní méjìméjì, wọ́n á kọjú síra ní oríkèé kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ixora tí a ń gbìn sínú ọgbà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti Strophanthus tí àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ fi ń ṣe oró ọfà. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ̀ka tí oje funfun sì jáde, bíi ti Allamanda olódòdó ìyeyè, ẹ tètè fọwọ́: Lonicera kì í ní in. Èyí tí wọ́n ń pè ní Cape honeysuckle, Tecoma capensis ti Gúúsù Áfíríkà, kò ṣòro láti dá mọ̀: ewé rẹ̀ pín wẹ́wẹ́ sórí ọ̀pá ewé kan, etí wọn sì rí ṣákaṣàka.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àgbo. Àwọn ará Ṣáínà máa ń sá òdòdó Lonicera japonica, wọ́n á fi ṣe oògùn ibà àti ọ̀fun dídùn. Ẹni tó bá ka èyí, tó wá já òdòdó ara fẹ́ńsì rẹ̀ sínú omi gbígbóná, igi mìíràn ló ń mu. Hóró Rangoon creeper ni wọ́n fi ń lé aràn inú ní Éṣíà. Bí ó bá sì pọ̀ jù, òsúkè àti èébì ló ń fà. Ẹ má sì rò pé honeysuckle gan-an ṣe é jẹ bẹ́ẹ̀: èso róbótó ọ̀pọ̀ nínú wọn, yálà pupa tàbí dúdú, máa ń da inú rú. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń fa oyin ìdí òdòdó mu.

Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ igi, ẹ má ya òdòdó nìkan. Ẹ ya oríkèé ibi tí ewé ti yọ, ẹ̀yìn ewé, ara ìtàkùn tó ti gbó, àti èso. Ìdí ọ̀pá ewé Rangoon creeper máa ń kù sára ìtàkùn lẹ́yìn tí ewé bá ti rẹ̀ dànù, á sì di ẹ̀gún. Èso rẹ̀ gbígbẹ ní igun márùn-ún. Lonicera kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.