Àrọ̀ ń jẹ ìdẹ tán, ìwọ̀ ń bọ̀ lófìfo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà apẹja. Lẹ́bàá odò Ọ̀pàrà ní Ṣábẹ níbí, bí mo bá ju ìwọ̀ sómi, kì í pẹ́ tí okùn á fi máa mì, àmọ́ ìwọ̀ lásán ni mò ń fà jáde. Ekòló á ti tán lẹ́nu rẹ̀. Kí ló ń fà á?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ àrọ̀ rárá. Epìyà kéékèèké ló máa ń ta okùn pẹ́pẹ́pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀ ò gbà lẹ́nu wọn, ni wọ́n ṣe ń já ekòló jẹ díẹ̀díẹ̀. Àrọ̀ ní tiẹ̀ á fi irun ẹnu rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tọ́ ìdẹ wò nísàlẹ̀ ẹrẹ̀, á gbé e sẹ́nu, á wá máa wọ́ okùn lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ lo ohun tí epìyà ò ní lè tètè já: ìfun adìyẹ, tàbí ọṣẹ ìfọṣọ tí ẹ gé ní sẹ̀ǹtímítà 2 níbùú lóròó. Ọṣẹ ló dára jù fún ìwọ̀ tó máa sùn sódò mọ́jú.

Bó bá jẹ́ àrọ̀ lóòótọ́, ìwọ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan èékánná àtàǹpàkò: bó bá ń yọ̀ láìdúró, ẹnu rẹ̀ ti kú, ẹ fi òkúta ìpọ́nbẹ pọ́n ọn. Ẹnu àrọ̀ le, egungun ló pọ̀ níbẹ̀. Ìwọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1/0 tàbí 2/0 bá ẹja bíi kílò kan mu. Ẹ má fi ìdẹ bò ó mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yọ síta. Ẹ má sì fà á nígbà tó ṣì ń tọ́ ọ wò. Ó dìgbà tí okùn bá ń lọ láìdúró.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló ń jẹun jù?

Ìdáhùn: Láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru, pàápàá nígbà tí omi bá ń kún tó sì pọ́n. Ẹ ju ìwọ̀ sétí koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, kí òjé gbé ìdẹ kanlẹ̀. Inú koríko yìí náà ló ń yé sí nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, nítorí náà abo tí ikùn rẹ̀ kún fẹ́yin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sómi.

Ìbéèrè: Okùn mi máa ń já nítòsí ìwọ̀.

Ìdáhùn: Eyín àrọ̀ rí ṣákaṣàka bíi sáńpépà. Kì í gé okùn lẹ́ẹ̀kan, ṣe ló ń ha á, á tún máa yí ara rẹ̀ po. Ẹ so sẹ̀ǹtímítà 30 okùn ọ̀rá tó nípọn tó mìlímítà 0.60 mọ́ ìwọ̀, kí okùn tó kù jẹ́ mìlímítà 0.45. Ẹ fi itọ́ rẹ kókó kẹ́ ẹ tó fún un. Bẹ́ ẹ bá fún un ní gbígbẹ, á gbóná, á sì rọ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo kó àrọ̀ mẹ́rin sínú bídọ̀n, mo rọ omi kún un, mo dé e pa. Kí n tó dọ́jà, wọ́n ti kú. Ṣebí inú omi ni ilé wọn?

Ìdáhùn: Omi tó kún dénu yẹn ló pa wọ́n. Àrọ̀ ní ẹ̀yà kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa yọ ẹnu sókè gbà á. Ẹ bu omi tó bo ẹ̀yìn wọn nìkan, ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ sì lu ihò sí ọmọrí. Bẹ́ ẹ bá ń mú un, ẹ fi àkísà tútù dì í mú lẹ́yìn orí, kí ìka yín wà lẹ́yìn ẹ̀gún méjèèjì tó wà níwájú lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá gún yín, ẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà pẹ̀lú ọṣẹ lójú ẹsẹ̀. Bó bá wú, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.